Bí mo ṣe lè mọ bí Màmá ṣe ń sùn lóru, láìsí kámẹ́rà

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Leeds: Ẹ kú ilé o. Ẹni ọdún 78 ni Màmá, Abẹ́òkúta ni wọ́n wà. Wọn ò fẹ́ kámẹ́rà, wọn ò sì lè fi aago sọ́wọ́ sùn. Fóòmù ínǹṣì 8 ni wọ́n ń sùn lé, orí igi bẹ́ẹ̀dì tó ní àlàfo láàárín. Ọmọ ọmọ wọn ń sùn lórí ẹní nínú yàrá kan náà. Fáànù òkè wà, iná kì í dúró. Mo fẹ́ mọ iye ìgbà tí wọ́n ń dìde lóru àti bóyá oorun wọn ń já. Kí ni kí n rà?

Bàbá Oníwáyà: Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ abẹ́ fóòmù, irú Withings Sleep. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Èémí àti lílù ọkàn ń tì í díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló ń kà. Abẹ́ fóòmù ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kó dábùú ibi àyà. Àlàfo igi yẹn ló máa dà yín láàmú: pẹlẹbẹ á rì sínú rẹ̀, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ pátákó pẹrẹsẹ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí igi náà. Tí ẹ bá ń tò ó, kí ẹnikẹ́ni má fara kan bẹ́ẹ̀dì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, torí ó ń wọn fóòmù láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ nígbà náà ti da ìṣirò rú.

Kò ní bátìrì. Iná lọ, òru yẹn ṣófo nìyẹn. Ẹ ra UPS kékeré (àpótí bátìrì tó ń gbé iná nígbà tí iná bá lọ) tó ní ihò USB fún pẹlẹbẹ àti ihò 12V fún ráútà. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ráútà ná. 12V lè jó ráútà 9V. Wi-Fi 2.4 GHz nìkan ni pẹlẹbẹ náà ń gbà.

Sùúrù L.: Ṣé sẹ́ńsọ̀ ìrìn ò ní rọrùn jù, Bàbá? Ó dínwó, bátìrì ló sì ń lò.

Bàbá Oníwáyà: Tí Màmá bá ń dá sùn ni. Ooru ara tó ń rìn ló ń mọ̀, kò mọ ti Màmá yàtọ̀ sí ti ọmọ orí ẹní. Ẹni tó ń dá sùn lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ igi bẹ́ẹ̀dì kó kọjú síta, kó lè jẹ́ ẹsẹ̀ tó balẹ̀ ló ń rí, kì í ṣe yíyí lórí fóòmù. Rédà, tó ń fi ìgbì rédíò mọ bí ara ṣe ń mì, ńkọ́? Fáànù yẹn á máa tàn án jẹ, àfi tí ẹ bá gbé e sára ògiri níbi tí kò ti ní rí fáànù rárá.

Nọ́ọ̀sì Kíkẹ́: Ẹ má gbára lé "oorun tó wọra" tí áàpù pẹlẹbẹ náà ń kọ sórí fóònù. Màmá tó jí ní aago 3 tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ń gbàdúrà, á kọ ọ́ sí oorun. Dídìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ló ṣe é fọkàn tẹ̀ jù. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 2 mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Tó bá ti ẹ̀ẹ̀kan di ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Irú èyí tó ń mú ni tọ̀, tí wọ́n bá lò ó nírọ̀lẹ́, kò ní jẹ́ kí wọ́n sùn. Àtọ̀gbẹ náà ń fà á. Tí ọkàn wọn bá ń lù ségesège, ẹ má ka iye lílù ọkàn tó ń kọ sí. Pẹlẹbẹ náà kì í sì í ṣe ohun tí yóò pe èèyàn tí wọ́n bá ṣubú.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Leeds: Ẹ ṣé gan-an. Tí ọmọ náà bá gun bẹ́ẹ̀dì lóru ńkọ́?

Bàbá Oníwáyà: Èémí méjì á dàpọ̀ tó bá sún mọ́ wọn. Ẹ ti pẹlẹbẹ sí ìhà Màmá, kí ọmọ sùn sí ìhà ògiri. Kí ẹ sì sọ fún Màmá ohun tó wà lábẹ́ fóòmù wọn o, kí wọ́n tó fúnra wọn fà á yọ.