Lórí “ìlà òkè” àti “àwòrán ilẹ̀ àtijọ́”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ àlàyé orí àwòrán ilẹ̀ agbègbè Titusville ní Pennsylvania, níbi tí Edwin Drake ti kan epo rọ̀bì lọ́dún 1859, dábàá “ìlà òkè” fún àwọn ìlà aláwọ̀ búráùn (contour lines) tó ń lọ́ kiri lórí rẹ̀, ó sì pe àwòrán náà ní “àwòrán ilẹ̀ àtijọ́”. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo “ìlà òkè”.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ń tọ àwọn ibi tó ga bákan náà láti ojú òkun. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé e nínú igbó kò ní gòkè, kò ní sọ̀ kalẹ̀. Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ òkè, ó sì ń wọ àfonífojì. Tó bá kan odò, á ṣẹ́rí, ṣóńṣó ibi tó ti ṣẹ́rí á sì kọjú sí orísun odò náà. Níbi tí àwọn ìlà bá ti sún mọ́ra, ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ gan-an. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ó tẹ́jú. Kí ni “òkè” ń wá nínú orúkọ rẹ̀? Ìsàlẹ̀ àfonífojì, létí odò Oil Creek, ni kànga Drake wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ kànga ìgbà yẹn sì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ “ìlà òkè” á rò pé orí òkè ni wọ́n ti gbẹ́ wọn.

“Ìlà ìdọ́gba-gíga” ni èmi fara mọ́. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ó sọ iṣẹ́ tí ìlà náà ń ṣe.

“Àwòrán ilẹ̀ àtijọ́” ló ká mi lára jù. Ṣé àwòrán ló ti pẹ́ ni, àbí ilẹ̀? Ẹ wo Pithole, tí kò jìnnà sí Titusville. Láàárín oṣù díẹ̀ lọ́dún 1865, epo sọ ọ́ di ìlú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Kó tó di 1880, ó ti tú. Àwòrán tí wọ́n yà nígbà tí ìlú ṣì kún, àti èyí tí òpìtàn òde òní yà láti fi bó ṣe rí nígbà náà hàn, nǹkan méjì ni. USGS, àjọ tó ń ya àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, 1879 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ wọn kò lè jẹ́rìí sí Pithole nígbà tó gbilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ti àkọ́kọ́ ní “àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà láyé ìjọ́un”, ká pe èkejì ní “àwòrán ilẹ̀ bó ṣe rí láyé ìjọ́un”.

Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ ń túmọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo etí ìwé náà nísàlẹ̀: ọdún tí wọ́n wọn ilẹ̀ àti ọdún tí wọ́n tẹ àwòrán lè yàtọ̀.