Alága ìjókòó ni mí, oríkì ni mo fẹ́ máa gbà sílẹ̀ nílé: máìkì wo ni ₦70,000 lè rà?

Alága_Ìgbógbó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mò ń gbé, iṣẹ́ alága ìjókòó ni mò ń ṣe. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn tó ti gbọ́ ohùn mi lóde ń pè mí pé kí n ki bàbá àwọn, kí n ki ìyàwó àwọn, kí n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n ń sanwó o. Àmọ́ ohùn tó ń jáde nínú fóònù mi dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àmù. Oníbàárà kan ní Kánádà gbọ́ oríkì tí mo ki fún màmá rẹ̀ tán, ó ní, "Àǹtí Alága, ata ta ni wọ́n ń lọ yẹn?"

Kò purọ́. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo háyà, òkè ni mo wà, ìyá tó ń lọ ata wà nísàlẹ̀. Bí ẹ̀rọ tiwọn bá dákẹ́, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á gbà á. Bí ìyẹn náà bá kú lóru, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ apá ọ̀sà á bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ó di ìdájí.

Lóṣù tó kọjá mo ra máìkì kan tó ní àwọ̀ wúrà, òun àti irin ìgbémáìkì rẹ̀ nínú páálí kan ṣoṣo. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi búra pé condenser ni, pé òun ni wọ́n ń lò ní sítúdíò. Mo ti wáyà rẹ̀ bọ ihò íápíìsì fóònù, kò dún. Mo wá wáyà mìíràn, ó wá ń dún bí ẹ̀fọn. Mo gbé e padà lọ bá a, ó ní ọjà tí òun bá ti tà, ó ti tà nìyẹn. Mo gba kámú.

₦70,000 ló kù lọ́wọ́ mi. Fóònù Android ni mo ní, pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí ọmọ mi fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí yunifásítì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ sí sítúdíò. Owó wákàtí kan níbẹ̀, oríkì mẹ́ta ni màá tà kí n tó rí i san.

DJ_Ògólóńtò

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Audio-Technica AT2020 ni tèmi. Ohùn máa ń mọ́ kedere lórí ẹ̀. Ẹ kàn fi owó díẹ̀ kún un.

Onímíksà_Ẹbúté

Ìwọ DJ, o ka ọ̀rọ̀ wọn dé ibi ẹ̀rọ ata, o sì tún ní kí wọ́n ra condenser? Ṣé kí ará Kánádà lè máa ka iye tàtàṣé tó wọ inú ẹ̀rọ ni?

Àǹtí Alága, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń jókòó nídìí míksà ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà fi owó ara mi kọ́ ọgbọ́n yìí. Inú condenser, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí iná wà lára rẹ̀ ló ń gbọ́ ohùn. Awọ yẹn fúyẹ́ débi pé kò sí ohun tí kì í gbọ́: èémí yín, fáànù, bí ògiri ṣe ń dá ohùn yín padà. AT2020 kì í ṣe máìkì burúkú o, yàrá yín ni kò gbà á. Yàtọ̀ síyẹn, ó ń fẹ́ iná 48V tí wọ́n ń pè ní phantom, inú interface (àpótí kékeré tó ń so máìkì pọ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù tàbí fóònù) tàbí míksà niná yẹn ti ń wá. Ihò íápíìsì fóònù kò lè fún un. Ó jọ pé ohun tó ṣe tiyín náà nìyẹn. Máìkì yẹn lè má tíì bàjẹ́, ebi iná ló ń pa á. Ẹ má sọ ọ́ nù.

Dynamic lẹ ń fẹ́. Wáyà tí wọ́n ká, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ rẹ̀, ló ń mì nínú òòfà bí ẹ bá ti ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ni iná táṣẹ́rẹ́ tó ń gbé ohùn lọ ti ń jáde. Etí rẹ̀ wúwo díẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Àǹfààní yín gan-an wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí máìkì, ohùn yín á fi nǹkan bíi decibel 6 (òṣùwọ̀n ìró nìyẹn) lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ata kò kúrò níbi tó wà, kò ní lọ sílẹ̀ rárá. Ẹ fi ìka mẹ́rin sáàárín ẹnu yín àti máìkì, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí fèrèsé tí ariwo ń bá wọlé. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ irú máìkì bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn.

Èwo nínú wọn? Shure SM58 ni gbogbo yín ń dì mú lóde ìnáwó, láti 1966 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ayédèrú rẹ̀ wà lọ́jà bí ilẹ̀ bí ẹní. Gíráàmù 298 ni ojúlówó ń wọ̀n. Bó bá fúyẹ́ bíi páálí lọ́wọ́ yín, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹ máa lọ. Owó Behringer XM8500 kéré sí i dáadáa, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń fẹ́ interface, owó mìíràn nìyẹn. Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ipò yín, Samson Q2U tòkunbọ̀ ni màá wá. Dynamic lòun náà, ó ní USB tó lè wọ láptọ́ọ̀pù tààrà, ó tún ní XLR (ojú wáyà máìkì onírin mẹ́ta) fún ọjọ́ tí ẹ bá ra interface.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá yín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lóru.

Ìyá_Àlọ́_Ẹ̀pẹ́

Àlọ́ ni mo máa ń pa fún àwọn ọmọdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí wọ́ọ̀dùróòbù yín, kí ẹ dúró kí ẹ kọjú sáàárín aṣọ. Alága ìjókòó kò lè ṣaláì ní aṣọ! Aṣọ òkè àti gèlè yẹn á gbé ohùn tó fẹ́ padà láti ara ògiri mì. Ẹ sì na ìbọ̀sẹ̀ obìnrin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ hángà tí ẹ tẹ̀ ní róbótó, kó wà níwájú máìkì. "Bàbá Àbẹ̀kẹ́" kò ní máa fọ́ "bù, bù" mọ́.

Nǹkan kan tún ni: ẹ má fi bọ́tìnì máìkì inú WhatsApp gbà á o. Ẹ gbà á lọ́tọ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. WhatsApp máa ń fún fáìlì ohùn pọ̀ kó lè kéré.

Alága_Ìgbógbó

Mo ti dé o. Ẹ ṣé gan-an, pàápàá Onímíksà (inú bí mi nígbà tí mo kà pé ebi ló ń pa máìkì tí mo ti ń bú láti oṣù tó kọjá).

Mo gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Òru tí mo gbójú lé ló burú jù, ọ̀pọ̀lọ́ ló gba gbogbo rẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló dáa. Àwọn ará ilé ti wọkọ̀ lọ sí Mile 12 nígbà yẹn, ìyá alata náà ti wọ ọjà. Akọrin wa kan yá mi ní máìkì dynamic rẹ̀ àti interface kékeré. Mo dojú kọ aṣọ òkè ìgbéyàwó mi, mo kì! Kò sí ata, kò sí jẹnẹrétọ̀. Àmọ́ ohùn mi rinlẹ̀ jù, bíi ti ọkùnrin. Kí ló fà á?

Onímíksà_Ẹbúté

Sísún mọ́ ọn ló fà á mà. Irú máìkì yẹn máa ń fi ìdún ìsàlẹ̀ kún ohùn ẹni tó bá súnmọ́ ọn jù. Nínú Audacity, ètò tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe lórí láptọ́ọ̀pù, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lo High-Pass, èyí tó ń gé ìdún ìsàlẹ̀ kúrò, ní 100 Hz. Bí kò bá tíì tó, ẹ fi ìka méjì sún sẹ́yìn. Ìgbà tí ẹ bá sì fẹ́ ké bí ẹ ṣe ń ké sáwọn ẹbí ọkọ lóde, ẹ fa orí sẹ́yìn díẹ̀. Ibi tí ohùn yín ti ga jù kó má kọjá decibel -12 lórí òṣùwọ̀n Audacity.

Alága_Ìgbógbó

Ọwọ́ mi tó ń fò káàkiri ló ń yọ mí lẹ́nu. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kini lójú kan. Mo ti ń di ìkángun tábìlì mú báyìí.

Mo tún ti màmá ará Kánádà kì, mo fi ránṣẹ́ bíi document. Ó ní òun fi gbọ́ nínú mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fẹ́ ti bàbá rẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ Sátidé ni akọrin wa ń bọ̀ wá gba ẹrù rẹ̀. Ta ló mọ ẹni tó ní Samson tòkunbọ̀ yẹn ní Sábọ̀ tàbí Agric? Láptọ́ọ̀pù àti íápíìsì mi ni màá gbé wá. Bí kò bá dún níbẹ̀, mi ò ní sanwó.