Fólítéèjì ń fò sókè nígbà bíréèkì: ṣé PI (olùdarí tó ń tún àṣìṣe ṣe) kan ni àbí méjì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kọnfátà alátilọ-àtibọ̀ (tó ń yí fólítéèjì padà, tí iná lè gbà lọ, kó sì gbà bọ̀) ti ọkọ̀ oníbátìrì ló wà nínú Simulink (sọ́fítíwia àfarawé) yìí: bátìrì 200 V, láìnì DC tó lọ sí mọ́tò 400 V, 10 kW, IGBT (swíìṣì iná) méjì, kọ́ìlì 500 µH, kapásítọ̀ 1000 µF, IGBT ń ṣí ń tì ní 20 kHz.

Tí mọ́tò bá ń fa iná, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí a bá ti tẹ bíréèkì tí iná ń padà sí bátìrì, 400 V á fò dé 460 V, á wá máa mì. PI ọ̀tọ̀ ló ń gbé fólítéèjì sókè, ọ̀tọ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó jọ pé èyí tó ń sinmi ń kó àṣìṣe jọ sínú integrator rẹ̀, tó bá wá kàn án, á tú gbogbo ẹ̀ dà lẹ́ẹ̀kan.

Ṣé kí n sọ wọ́n di PI kan, kí IGBT kan máa ṣí bí èkejì bá ti tì (dead time, àlàfo tí méjèèjì fi ń tì, 1 µs), kí ìṣàn iná láti +60 A dé −60 A sì pinnu ọ̀nà? Lúùpù ìṣàn wà ní 2 kHz, ti fólítéèjì ní 200 Hz, nítorí RHP zero (ohun tó ń mú kí fólítéèjì kọ́kọ́ yí sí òdìkejì kó tó tẹ̀lé àṣẹ) tó wà ní bíi 1.27 kHz.

Step ìṣirò Simulink ti kúrò ní 1 µs di 0.1 µs (1 µs jẹ́ ìdá 2% nínú 50 µs tí ìyípo IGBT kan ń gbà, ó ti pọ̀ jù fún duty, ìyẹn ìdá àkókò tí IGBT fi ń ṣí), síbẹ̀ ó ṣì ń mì.

Bí bátìrì bá sì ti kún ńkọ́? Iye fólítéèjì wo ni kí resistor bíréèkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó iná náà?