Àbọ̀ ìkẹyìn lórí àwọ̀ ọkọ̀ Great Western mi

Ẹ̀yin ará, mo wá jábọ̀ kí n tó pa ìbéèrè mi dé. Mo béèrè àwọ̀ tó yẹ àwọn ọkọ̀ èrò kéékèèké mi, ìyẹn àwòṣe ọkọ̀ ojú irin Great Western, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí pé ìgbà ooru 1914 ni mo fi ibùdókọ̀ mi sí.

Pupa tó ṣú ló borí. Àwọ̀ ṣokoléètì òun wàrà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ náà ti kúrò láti 1908. Búráùn nìkan ló rọ́pò rẹ̀, kí pupa tó wọlé ní 1912. Ó di 1922 kí ṣokoléètì òun wàrà tó padà. Mo wá kun àwọn ọkọ̀ tuntun ní pupa, mo sì fi búráùn sílẹ̀ lára ògbólógbòó kan, torí wọn kì í kun gbogbo ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àdàlù yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀! Ó jẹ́ kí ọkọ̀ náà jọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

Ti ọkọ̀ ẹrù ò le: àwọ̀ eérú tó ṣú, pẹ̀lú lẹ́tà GW gàgàrà.

Ẹni tó ní kí n fẹ ibi tí irin ti yí, ẹ ṣeun gan-an. Ní ìwọ̀n mìlímítà 4 sí ẹsẹ̀ bàtà kan, ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 57 gùn tó mìlímítà 228; irú rẹ̀ ò lè yí níbi tó há kí bọ́fà (irin tó yọ síta ní orí àti ìdí ọkọ̀, tó ń gba ìkọlù) má há mọ́ra. Ó ti ń kọjá geere báyìí, ì báà jẹ́ síwájú tàbí sẹ́yìn.

Ti síginà, màá béèrè lọ́tọ̀.