Ìsọderé, ìsọdifíìmù, àbùlà: ọ̀rọ̀ wo ló bá Hobbit kẹta mu?

Láti Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Fún ẹni tí kò tíì ka àwọn lẹ́tà tó ṣáájú, ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Àbúrò wa kan kọ lámèyítọ́ ránṣẹ́ lórí fíìmù Hobbit kẹta, The Battle of the Five Armies, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2014. Gbogbo ibi tí fíìmù náà ti kù díẹ̀ káàtó, "ìjákulẹ̀" ló pè é. Ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà fèsì pé bó ṣe dun òǹwòran ni ìjákulẹ̀ ń sọ, kò sọ ohun tó ṣe fíìmù gan-an. Wọ́n wá dábàá pé kí á máa pe iṣẹ́ sísọ ìwé di fíìmù ní "ìsọderé". Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ti àkọ́kọ́ yẹn, mo wà lẹ́yìn yín. Ti ìsọderé ni mo fẹ́ bá yín fà díẹ̀.

Ìhun rẹ̀ kò ní wàhálà: sọ, di, eré, fáwẹ̀lì "di" pajẹ, a fi ì- ṣíwájú, bí ìsọdorúkọ inú gírámà. Etí ni ìṣòro wà. Bí ẹnìkan bá ní "wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn deré", ohun tí gbogbo wa gbọ́ ni pé wọ́n ti sọ ọ́ di yẹpẹrẹ. Tunde Kelani ṣe fíìmù Ó Le Kú ní 1997 láti inú ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1974. Bí mo bá kọ ọ́ pé Kelani sọ ìwé Ìṣọ̀lá deré, mo ti bú Kelani, mo sì ti bú Ìṣọ̀lá tó ṣe olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀ níbí. "Ìsọdifíìmù" kò fi bẹ́ẹ̀ dùn lẹ́nu, torí kọ́ńsónáǹtì ló bẹ̀rẹ̀ fíìmù, fáwẹ̀lì "di" kò sì rí ibi pajẹ sí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò ṣì í gbọ́. Ẹlòmíràn ní kí á lo "ìsọdàgbéléwò". Mo fẹ́ràn àgbéléwò. Àkópọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ di orúkọ ni, bí Òṣómàáló tí wọ́n fi ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn. Àmọ́ ẹni tó sanwó wọ gbọ̀ngàn sinimá kò gbélé wo nǹkan kan. Ìsọdifíìmù ni mo fọwọ́ sí.

Orúkọ àléébù ló ṣòro jù, ibẹ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ sí.

Ẹ kọ́kọ́ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìwé The Hobbit tí J.R.R. Tolkien tẹ̀ jáde ní 1937, orí 19 ló ní. Ìtàn Bilbo ni, ọ̀kan lára ìran kúkúrú tí wọ́n ń pè ní hobbit, tó bá Thorin àti àwọn aràrá rẹ̀ lọ gba ìṣúra wọn padà lọ́wọ́ dírágónì Smaug. Fíìmù mẹ́ta ni Peter Jackson yọ nínú rẹ̀: ìṣẹ́jú 169 ní 2012, 161 ní 2013, 144 ní 2014. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 474. Tí a bá pín in, orí kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú 25, ó kàn dín fín-ín ni. Ẹ wá gbé The Lord of the Rings tì í, òǹkọ̀wé kan náà, olùdarí kan náà: orí 62, ìṣẹ́jú 558 nínú ẹ̀dà tí wọ́n gbé lọ sí sinimá. Ìṣẹ́jú 9 géérégé fún orí kan, bẹ́ẹ̀ orí tibẹ̀ sábà máa ń gùn ju ti The Hobbit lọ. Láti 9 dé 25, kí ni wọ́n fi dí àlàfo yẹn? Àbùlà ni mo pè é, bí a ti ń pè é fún ẹmu tí kì í ṣe ojúlówó mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí kò sí nínú ìwé ló jẹ́ àbùlà o. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, a ó kàn máa bú fíìmù lásán ni.

Àfikún wà. Ìwé mẹ́nu bà á lóréfèé pé Gandalf, oṣó tó ń bá wọn rìn, fi àwọn aràrá sílẹ̀ létí igbó Mirkwood, pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lé Necromancer, oṣó burúkú kan, kúrò ní ilé olódi rẹ̀ ní gúúsù igbó náà. Fíìmù mú wa lọ síbẹ̀, ó pe ibẹ̀ ní Dol Guldur bí Tolkien fúnra rẹ̀ ṣe pè é níbòmíràn. A lè ní wọn kò ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ìwé ló nàka sí i.

Àbùmọ́ wà. Ẹ wo ọfà dúdú tó pa dírágónì Smaug. Nínú ìwé, ọfà tí Bard, tafàtafà ìlú Lake-town, jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni. Ẹyẹ kan sọ fún un pé ibi kan wà ní igbá-àyà òsì dírágónì náà tí nǹkan kan kò bò, ó fa ọrun, ó ta á, ó tán. Nínú fíìmù, ọfà ti di ọ̀pá irin gbọọrọ. Ọrun Bard kán mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbé ọ̀pá náà lé èjìká ọmọkùnrin rẹ̀, ó ní kí ọmọ má bojú wẹ̀yìn, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí dírágónì ń bọ̀. Àbùmọ́ gidi ni, ó sì wà lára ohun tó dára jù nínú fíìmù náà. Nítorí náà kí á má kọ àbùmọ́ sílẹ̀ bí èébú. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, ibo ni a ó gbé Fágúnwà sí?

Ìpààrọ̀ wà pẹ̀lú, èyí sì ni àbúrò wa pa pọ̀ mọ́ àbùlà nínú lámèyítọ́ rẹ̀. Ó ní omi lásán ni Tauriel, obìnrin jagunjagun tí kò sí nínú ìwé rárá. Kì í ṣe omi. Nínú ìwé, Fili àti Kili, aràrá méjì, kú níbi tí wọ́n ti ń fi apata àti ara wọn dáàbò bo Thorin, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ni. Gbólóhùn kan ni Tolkien fi sọ ọ́, ó sì wọni lára. Nínú fíìmù, Azog, olórí àwọn orc (àwọn abàmì ọ̀tá wọn), pa Fili níwájú àwọn tó kù, Bolg ọmọ Azog sì pa Kili níbi tó ti fẹ́ gba Tauriel sílẹ̀. Ikú kan náà ni, ìdí rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀: ikú ẹbí di ikú olólùfẹ́. Ẹni tó bá yọ Tauriel kúrò gbọ́dọ̀ wá ìdí mìíràn tí Kili fi kú.

Àbùlà gan-an ni Alfrid, ìránṣẹ́ olórí ìlú Lake-town, tí kò sí nínú ìwé. Fíìmù kejì ti jẹ́ kí á mọ̀ pé ojo ni, pé ó sì lójú kòkòrò. Fíìmù kẹta tún ń sọ ọ́ ṣáá: ó sá, ó tún sá, ó múra bí obìnrin, ó kó owó wúrà sí àyà. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kò sí ẹni tí yóò kú, kò sí ẹni tí yóò yè, ogun kò ní yí padà. Bákan náà ni ìjà ọ̀hún fúnra rẹ̀. Nínú ìwé, òkúta ba Bilbo lórí kí ogun tó parí, ó dákú, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ròyìn ìyókù fún un. Fíìmù kò jẹ́ kí dídákú rẹ̀ ké ìtàn kúrú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ti ìkẹta ló dun èèyàn jù? Fíìmù méjì ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Guillermo del Toro tó yẹ kó darí wọn kúrò ní 2010, Jackson gbà á láìráyè múra tó. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú fídíò tó bá díìsìkì wá. Ní oṣù Keje 2012, lẹ́yìn tí wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù, wọ́n kéde pé ó di mẹ́ta. Fíìmù kejì wá parí síbi tí dírágónì ti gbéra lọ sí Lake-town. Ọdún kan gbáko ni òǹwòran fi retí rẹ̀, nígbà tí ìkẹta dé, kò pẹ́ tí wọ́n pa dírágónì. Ohun tó kù fún wọn ni orí 14 dé 19, ìjà ni wọ́n sì kó síbẹ̀. Orúkọ tó kọ́kọ́ ní ni There and Back Again, ìyẹn àlọ àti àbọ̀. Ní oṣù Kẹrin 2014 ni wọ́n yí i padà, àbọ̀ náà sì di ìṣẹ́jú mélòó kan. Níbi tí wọ́n ti ń wáyè fún Alfrid, wọn kò wáyè sin Thorin nínú ẹ̀dà sinimá, wọn kò sì sọ ibi tí Arkenstone wọlẹ̀ sí, òkúta tí gbogbo wọn tìtorí rẹ̀ bínú sí ara wọn. Nínú ìwé, Bard tẹ́ ẹ sí àyà òkú Thorin. Ó di inú ẹ̀dà gígùn, ìṣẹ́jú 164, tó jáde ní 2015, kí á tó rí ìsìnkú náà.


Ìdáhùn láti Iléṣà

Àbúrò mi, o ṣeun, o ṣiṣẹ́. Mo ti fi ìsọderé sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fún fíìmù kẹta yìí, n kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò pè mí lẹ́jọ́ tí mo bá lò ó.

Àbùlà ni n kò tíì gbà. Sọ ọ́ níbi tí àwọn èèyàn wà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ni wọn yóò rò, wọn yóò bi ọ́ pé àmàlà èélòó. Ẹni tó da gbẹ̀gìrì pọ̀ mọ́ ewédú kò ba nǹkan jẹ́. Bí a ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Kí ló ṣe "ìfàgùn"? Wọ́n fa ìtàn gùn. Ọmọdé yóò gbọ́ ọ.

Ìkejì, òṣùwọ̀n "ẹ yọ ọ́ kúrò" yẹn. Ní 2015, olólùfẹ́ ìwé náà kan gé fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ẹyọ kan tó tó wákàtí mẹ́rin. Ó yọ ìfẹ́ Tauriel àti Kili, ó sì yọ Dol Guldur tí o pè ní àfikún. Ìtàn náà dúró. Nípa òṣùwọ̀n rẹ, Dol Guldur náà ti di àbùlà nìyẹn.

Mo tún rí i pé àbúrò wa túmọ̀ orúkọ fíìmù náà sí "Ìjà Ogun Márùn-ún". Kí ó tún un ṣe. Ogun ni ìjà, ogun náà sì ni àwọn tó ń jà á. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ìjà márùn-ún ni. "Ìjà Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Márùn-ún" ló yẹ. Nínú ìwé, márùn-ún náà ni goblin (tó di orc nínú fíìmù) àti ìkookò níhà kan, elf (ìran Tauriel), ènìyàn àti aràrá níhà kejì. Fíìmù sọ ìkookò di ohun tí orc ń gùn bí ẹṣin lásán, ó wá kó orc wá láti ọ̀nà méjì, ló jẹ́ kí àwọn òǹwòran máa jiyàn lórí ẹni tó jẹ́ ìkarùn-ún.


Láti Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ti "ogun" yẹn, ó ti wọlé.

Ìfàgùn kò ní ṣiṣẹ́, torí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkẹta ló kúrú jù. Ìṣẹ́jú 144 péré, bẹ́ẹ̀ òun ni omi rẹ̀ pọ̀ jù. Fíìmù kẹta The Lord of the Rings jẹ́ 201, n kò sì rò pé wọ́n fà á gùn ju ìtàn rẹ̀ lọ. Gígùn kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀ ni.

Ti oúnjẹ, ó hàn pé bí àbùlà bá dá dúró, àmàlà ló ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n tó bá yán ọ̀rọ̀ orúkọ, kì í sí àṣìgbọ́: ẹmu àbùlà, ọtí àbùlà. Kí á kọ ọ́ sílẹ̀ bí "ìtàn àbùlà" tàbí "fíìmù àbùlà", kí a má fi òun nìkan sílẹ̀.

Dol Guldur: àfikún náà ṣeé yọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kì bá tí jẹ́ àfikún. Ẹsẹ̀ méjì ni mo fẹ́ kí òṣùwọ̀n náà ní. Bí a bá yọ ọ́, ṣé ìtàn dúró? Nígbà tó wà níbẹ̀, ṣé ó sọ ohun tí a kò tíì mọ̀? Dol Guldur sọ ibi tí Gandalf lọ. Alfrid tún ohun tí a ti mọ̀ láti 2013 sọ. Tauriel kò tilẹ̀ kọjá ẹsẹ̀ kìn-ín-ní, torí náà lábẹ́ ìpààrọ̀ ló wà. Ẹni tó gé fíìmù náà sí wákàtí mẹ́rin yọ àfikún, ìpààrọ̀ àti àbùlà pa pọ̀ ni. Yíyọ gbogbo rẹ̀ kò sọ wọ́n di ohun kan náà.

Ohun tí mo fẹ́ tẹ̀ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa nìyí, bí ẹ bá fọwọ́ sí i:

ìsọdifíìmù: iṣẹ́ sísọ ìwé tàbí ìtàn di fíìmù. "Ìsọdifíìmù Ó Le Kú wáyé ní 1997."

fíìmù àbùlà: fíìmù tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó àkókò tó ń gbà, tí wọ́n fi àtúnsọ ohun tí a ti mọ̀ dí àlàfo. Ó yàtọ̀ sí àfikún, àbùmọ́ àti ìpààrọ̀.

Ìjákulẹ̀ dúró síbi tó wà, fún òǹwòran. Ó ku ìpààrọ̀: ṣé kí a fi "ìdí" kún un, ìpààrọ̀ ìdí, kó má bàa dà bí ẹni ń sọ ti òṣèré tí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò? Ẹ̀gbọ́n, ti yín ni mo ń dúró dè lórí ìyẹn.