Sáìtì tẹ́tẹ́ òkè òkun tó ń fúnni ní bọ́nọ́ọ̀sì ìlọ́po méjì: ṣé kí n fi owó sí i?

Télọ̀ Ìdí-Òrò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Mushin. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo máa ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì, kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù tó wà ládùúgbò wa ni mo ti ń ta á. Bí eré kan bá gé tíkẹ́ẹ̀tì mi, n óò bú kíípà, n óò padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Ọmọ oníbàárà mi kan ló wá fi sáìtì kan hàn mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní tí mo bá fi ₦50,000 sí i, wọ́n á fi ₦100,000 kún un lójú ẹsẹ̀. Wọn ò béèrè BVN, wọn ò béèrè NIN. USDT nìkan ni wọ́n ń gbà, owó kírípítò tí wọ́n so mọ́ dọ́là. Mo fa ojú ewé náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń kọ̀wé wínníwínní, mo rí Curaçao àti nọ́ńbà kan, 8048/JAZ. Mo ní ₦180,000 nílẹ̀ tí mo fẹ́ fi san àsansílẹ̀ ẹ̀rọ weaving. Èmi ń rò ó pé kí n bu díẹ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: bí mo bá jẹ ẹ́, ṣé wọ́n á san án? Àwọn tó ti débẹ̀ rí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má wàásù fún mi, pásítọ̀ mi ti ṣe ìyẹn.

Ìyá Kíọ́sì

Àbúrò, mi ò ní wàásù. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe ejẹ́ǹtì tẹ́tẹ́ l'Ágége, èmi gan-an ni mò ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì fáwọn èèyàn bíi tìẹ. Ta ni mo fẹ́ wàásù fún?

Ṣùgbọ́n jẹ́ ká yí ìbéèrè rẹ díẹ̀. Tí wọn ò bá san án, ta lo máa lọ bá? Ọkùnrin kan jẹ ₦86,000 ní ṣọ́ọ̀bù mi lálẹ́ Sọ́ńdè kan, ilé-iṣẹ́ ò tètè fi owó ránṣẹ́. Aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè, ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, òun, ìyàwó rẹ̀, àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ kan tó ga bí òpó iná. Wọn ò bú mi, wọn ò lù mí. Wọ́n kàn jókòó. Èmi ni mo ra àkàrà fún wọn. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni owó wọlé, wọ́n dìde, wọ́n dúpẹ́. Bẹ́ǹṣì yẹn lo fẹ́ fi sílẹ̀ o. Curaçao, erékùṣù kékeré kan lójú òkun Caribbean ni, abẹ́ ọba Netherlands ló wà. Bẹ́ǹṣì ta lo fẹ́ jókòó lé níbẹ̀?

Nọ́ńbà tó o rí yẹn ńkọ́? Láyé àtijọ́, ilé-iṣẹ́ mẹ́rin péré ló di ìwé àṣẹ ńlá mú ní Curaçao, àwọn ló wá ń pín in fún àìmọye sáìtì lábẹ́ wọn, bí ẹni tó gba ilé odindi tó tún ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé. 8048/JAZ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ 24, oṣù Kejìlá, 2024 ti fòpin sí ètò yẹn. Àjọ ìjọba wọn, Curaçao Gaming Authority, ló ń fúnni níwèé àṣẹ tààrà báyìí. Sáìtì tó ṣì ń gbé nọ́ńbà àtijọ́ kiri, ìwọ náà wò ó. Kódà kó ní ti tuntun, ìyẹn ò sọ pé ó láṣẹ láti ta tẹ́tẹ́ l'Ékòó.

Nílé níbí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé òfin lọ́tìrì ti 2005 lọ́jọ́ 22, oṣù Kọkànlá, 2024. Wọ́n ní ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. (Láti 2008 ni ẹjọ́ yẹn ti wà nílẹ̀. Ẹ rántí tí wọ́n bá tún ní kẹ́ ẹ lọ sí kóòtù.) L'Ékòó, LSLGA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, ló ń fún ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ níwèé àṣẹ. Tí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fún bá di owó rẹ mú, o lè kọ̀wé sí wọn. Mi ò sọ pé wọ́n á dáhùn lọ́jọ́ kejì, àmọ́ ibi tí wàá lọ wà.

Wá ibi tí wọ́n kọ "wagering" sí, ìyẹn iye tẹ́tẹ́ tó o gbọ́dọ̀ ta kó o tó lè yọ owó, kó o padà wá sọ ohun tó o rí.

Kò Sí Wàhálà

Ẹ má dẹ́rù ba ọmọkùnrin yìí. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń lo ọ̀kan, wọ́n ń san owó mi, nígbà míì kó tó pé ogún ìṣẹ́jú. Kó má gba bọ́nọ́ọ̀sì, kó sì máa tètè yọ owó rẹ̀. Ó tán.

Télọ̀ Ìdí-Òrò

Mo ti rí i, mà. Wọ́n kọ 40x síbẹ̀, owó tèmi àti bọ́nọ́ọ̀sì pa pọ̀. Kí ló túmọ̀ sí?

Ìyá Kíọ́sì

₦50,000 rẹ àti ₦100,000 tiwọn, ₦150,000 nìyẹn. Sọ ọ́ di ìlọ́po 40: ₦6,000,000. O gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà náírà kí wọ́n tó jẹ́ kó o yọ kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé owó kan náà lo máa máa yí, o ò ní lọ yá mílíọ̀nù mẹ́fà. Àmọ́ ká ní eré slot, ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tó ń yí àwòrán, tó ń dá ₦96 padà nínú ₦100 ni, ₦4 lórí gbogbo ₦100 ń bá tiwọn lọ. Lórí mílíọ̀nù mẹ́fà, ₦240,000 nìyẹn. Gbogbo ohun tó sì wà lọ́wọ́ rẹ, tìẹ àti ti ẹ̀bùn, ₦150,000 ni. Orí àwọn kan máa ń bá wọn ṣe é, wọ́n á là á já. Ìwọ ni kó o sọ bóyá o fẹ́ fi owó ẹ̀rọ dán orí wò.

Tíṣà Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n Kò Sí Wàhálà, ẹ jọ̀ọ́, èló ni èyí tó pọ̀ jù tí ẹ ti yọ rí? Torí tèmi náà, $30, $45, wọ́n ń san án wọ̀ọ̀. Ìgbà tí mo jẹ $1,140 ni wọ́n rántí pé àwọn ò mọ̀ mí.

Wọ́n ní kí n mú páàsípọ́ọ̀tù wá. Mi ò ní, mo fi NIN ránṣẹ́. Wọ́n ní bíìlì iná tó ní orúkọ mi. Orúkọ bàbá lándílọ́ọ̀dù tó ti kú láti 2011 ló wà lórí bíìlì NEPA ilé wa! Mo ya fọ́tò ara mi pẹ̀lú káàdì lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìkẹta ṣókùnkùn, ìkẹrin, wọ́n ní etí mi ò hàn. Lọ́jọ́ kejìdínlógún, wọ́n ní mo ti ta tẹ́tẹ́ kan tó ju €5 lọ nígbà tí bọ́nọ́ọ̀sì ṣì wà nílẹ̀, pé ó lòdì sí òfin àwọn. Wọ́n dá $50 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ padà fún mi.

Ẹ dúró ná, kò tíì tán. Mo ta $50 yẹn fún ẹnì kan lórí P2P, níbi táwọn èèyàn ti ń ta kírípítò fún ara wọn. Náírà tó fi san án, owó jìbìtì ni, ó ti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì. Báǹkì ti àkáǹtì mi pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, owó oṣù mi wà nínú ẹ̀.

Kò Sí Wàhálà

$120 ni.

Ará Peckham

London ni mo wà. Lọ́dún 2023, mo forúkọ sílẹ̀ ní GAMSTOP pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn tẹ́tẹ́ mọ́ mi. Oṣù mẹ́fà wà, ọdún kan wà, mo mú ọdún márùn-ún. Láti oṣù Kẹta, 2020 ló ti di dandan fún gbogbo sáìtì tó gba ìwé àṣẹ níbí láti wà nínú ètò náà. Ti òkè òkun ò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Lóru ọjọ́ kan, mo jókòó síbi tá a ti ń sinmi, mo tẹ "not on GAMSTOP" sórí fóònù. Wọ́n jáde lóríṣiríṣi. Èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ò béèrè ju ímeèlì lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, £2,300 ti lọ.

Mo sì ti ní kí báǹkì máa dí owó tẹ́tẹ́ lórí káàdì mi o. Owó náà rí ọ̀nà kọjá. Ìgbà tí mo wo státímẹ́ǹtì, wọ́n kọ ọ́ pé bàtà ni mo rà. Ìyàwó mi ní kí n gbé bàtà náà jáde kóun rí i.

Télọ̀, mi ò sọ pé bákan náà la rí. Àmọ́ ohun tó ò ń kà sí oore yẹn, pé wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, òun gan-an ló mú mi.

Télọ̀ Ìdí-Òrò

Ẹ ṣé gan-an. Lálẹ́ àná, mo bi wọ́n lórí chat pé: "Tẹ́ ẹ bá kọ̀ láti san owó mi, ta ni mo lè fẹjọ́ yín sùn?" Wọ́n ní kí n kọ ímeèlì sí àdírẹ́sì kan. Mo wò ó, tiwọn náà ni. Mo tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fi free spin ogún, ìyẹn yíyí slot lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà méjì, ta mí lọ́rẹ.

Mo ti lọ san ₦120,000 lórí ẹ̀rọ. Ìyá Kíọ́sì, ẹ má bínú o, mo ṣì máa dé ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé.

Ìyá Kíọ́sì

Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ṣé wọ́n ní bẹ́ǹṣì?

Télọ̀ Ìdí-Òrò

Ọ̀kan gígùn wà, mà. Ẹsẹ̀ kan ti fẹ́ yẹ̀ lára ẹ̀.