Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe ojú àti irun mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi: ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìyàwó Oṣù Kejìlá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbéyàwó wa ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá ní Ìbàdàn, ọjọ́ kan náà ni a ó sì ṣe ìdána àti ìsìn ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aago 8 òwúrọ̀ ni àwọn ẹbí ọkọ mi yóò dé sí ilé wa, aago 1 ọ̀sán sì ni ìsìn yóò bẹ̀rẹ̀. Mo ti pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó ṣe ojú àti irun mi. Owó wà lára ohun tó fà á, nítorí pé iye tí àwọn tó ń fi ojú ṣíṣe ṣiṣẹ́ ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó yàtọ̀ gédégédé sí èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ lọ sí òde àríyá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju owó lọ. Nígbàkúùgbà tí mo bá jẹ́ kí ẹlòmíràn kùn mí lójú nítorí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan, ojú tí mo ń rí nínú fọ́tò kì í jọ tèmi, mo sì fẹ́ kí bàbá mi dá mi mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí ìbòjú kúrò lójú mi.

Mo mọ ojú ṣe níwọ̀ntúnwọ̀nsì, nítorí pé mo ń lo foundation, pọ́dà àti lípsítíìkì lọ sí ibi iṣẹ́. Irun ló ń kọ mí lóminú jù. Gèlè sányán ni n ó wé ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, irun mi yóò hàn lábẹ́ aṣọ ìbòjú funfun. Irú irun wo ni mo lè ṣe tí yóò bá ibi méjèèjì mu, tí n kò fi ní máa tú u palẹ̀ láàárín ìdána àti ìsìn? Mo tún fẹ́ kí ẹni tó bá ti ṣe é rí sọ fún mi bí ojú ṣe lè dúró láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ní àsìkò ọyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ojú mi. Bí ẹ bá rí i pé ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ṣeé ṣe, ẹ sọ ọ́ fún mi.

Ọmọ Ẹ̀gbá:

O kú ìpalẹ̀mọ́ o, àbúrò mi, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọjọ́ náà dùn. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Èmi fúnra mi ni mo ṣe ojú mi nígbà tí mo ṣe ìgbéyàwó ní Abẹ́òkúta, oṣù Kìn-ín-ní ni, ọyẹ́ sì mú gan-an, síbẹ̀ ojú mi kò bàjẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ yìí ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé òógùn ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí ènìyàn ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì dá lé, bẹ́ẹ̀ ènìyàn kì í làágùn ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Gbígbẹ ni awọ ara máa ń gbẹ. Bí o bá da pọ́dà lé ojú tó ti gbẹ, yóò máa sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ní ẹ̀gbẹ́ imú àti lábẹ́ ojú kí àwọn ẹbí ọkọ tó jókòó tán. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni kí o ti máa fi ìpara tí awọ rẹ ti mọ̀ pa ojú ní alaalẹ́, kí o sì máa fi òrí pa ètè kí o tó sùn, torí pé lípsítíìkì kì í bo ètè tó ti bó, ńṣe ló máa ń fi í hàn. Má ṣe dán ọṣẹ tuntun tàbí ìpara tuntun kankan wò nínú ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó. Bí o bá fẹ́ gé irun òkè ojú rẹ, ṣe é ní bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ibi tó bá pọ́n tàbí tó bá wú lè ti rọlẹ̀.

Ní ti foundation, má ṣe fi ẹ̀yìn ọwọ́ dán an wò, nítorí pé àwọ̀ ọwọ́ àti àwọ̀ ojú kì í sábà dọ́gba. Fà á tẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n wá sí ọrùn, mú dígí, kí o sì jáde síta sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Èyí tí o kò bá rí ààlà rẹ̀ mọ́ ni tìrẹ. Ṣe sùúrù díẹ̀ kí o tó sanwó, nítorí pé àwọn kan máa ń dúdú sí i bí wọ́n bá ti pẹ́ díẹ̀ lójú. Lẹ́yìn náà, ṣe ojú rẹ tán ní ọjọ́ kan, kí o sì ní kí ẹnì kan ya ọ́ ní fọ́tò nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí iná kámẹ́rà tàn sí ọ lójú. Ohun tó mú mi tẹnu mọ́ èyí ni pé àwọn pọ́dà kan tí kò ní àwọ̀, tí silica pọ̀ nínú wọn, àti àwọn foundation tí wọ́n fi titanium dioxide tàbí zinc oxide sí láti dènà oòrùn, kì í ní àléébù kankan bí a bá fi ojú lásán wò wọ́n, ṣùgbọ́n bí iná kámẹ́rà bá ti kàn wọ́n, wọn yóò dá ìmọ́lẹ̀ náà padà, abẹ́ ojú àti imú yóò sì funfun nínú fọ́tò. Fọ́tò ìgbéyàwó kò ṣeé tún yà.

Fi fóòmù tó tutù díẹ̀ tẹ foundation mọ́ ojú, má ṣe fà á. Kí ó fẹ́lẹ́, kí o sì fi òmíràn kún ibi tó bá yẹ nìkan. Iwájú orí, imú àti àgbọ̀n nìkan ni kí o fi pọ́dà sí. Iwájú orí ni kí o ṣọ́ jù, torí pé ibẹ̀ ni wọn yóò máa lẹ owó mọ́ nígbà tí o bá ń jó, owó náà a sì máa ṣí foundation lọ. Wá ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò kan tí yóò máa tẹ̀lé ọ pẹ̀lú ìnujú oníbébà àti pọ́dà; kí ó máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò gbọdọ̀ nù ún. Bí o kò bá ti mọ ìpéǹpéjú àlẹ̀mọ́ lẹ̀ tẹ́lẹ̀, fi í sílẹ̀. Glúù rẹ̀ máa ń ní latex (oje igi rọ́bà) nínú nígbà mìíràn, èyí tó ń mú kí ojú àwọn kan wú, ọjọ́ ìgbéyàwó kọ́ sì ni ó yẹ kí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Mascara tí omi kì í wẹ̀ ti tó, nítorí pé ìwọ yóò sunkún nígbà tí àwọn òbí rẹ bá ń súre fún ọ.

Onígèlè Ìkẹjà:

Iṣẹ́ irun àti gèlè ni mò ń ṣe, mo sì fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n wa Ọmọ Ẹ̀gbá sọ nípa ojú. Àwọn ìyàwó tó ṣe ojú wọn fúnra wọn ti pè mí wá wé gèlè fún wọn rí, ojú wọn sì dára. Ṣùgbọ́n irun àti gèlè kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ojú, nítorí pé ojú wà níwájú rẹ nínú dígí, ìpàkó kò sí níbẹ̀.

Má ṣe di ṣùkú. Ṣùkú lẹ́wà púpọ̀, ó sì bá ìyàwó mu, ṣùgbọ́n ìdí irun tó kó jọ sí àtàrí yóò ti gèlè sókè, gèlè kò sì ní jókòó. Ohun tí mo máa ń ṣe fún ẹni tó ní gèlè ní òwúrọ̀ àti aṣọ ìbòjú ní ọ̀sán ni pé n ó di irun náà ní kòlẹ́sẹ̀ tínínrín láti iwájú lọ sí ìpàkó, n ó sì ká ìdí rẹ̀ pọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìpàkó, kí ó pẹlẹbẹ. Gèlè yóò jókòó lókè rẹ̀. Bí ìdána bá parí, tí wọ́n bá sì ti tú gèlè, wàá mú ìdì irun àlẹ̀mọ́ tó ti wà nílẹ̀, wàá fi pín-ìnnì há a mọ́ ìpàkó níbi tí o ká irun sí, wàá fi jẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tẹ́ iwájú orí pẹrẹsẹ, wàá sì ki eyín kọ́ọ̀mù aṣọ ìbòjú bọ inú kòlẹ́sẹ̀ lókè ìdì náà. Ìdí irun tí a dì ni eyín kọ́ọ̀mù máa ń dì mú dáadáa; irun tó kàn dán lórí kì í mú un dúró. Bí o bá fẹ́ràn wíìgì, orí kòlẹ́sẹ̀ yìí kan náà ni yóò wọ̀, ṣùgbọ́n má ṣe wọ̀ ọ́ sábẹ́ gèlè, nítorí pé gèlè yóò tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀kutẹ̀.

Dì í ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, má ṣe dì í ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ẹni tó ń dì í bá fà á tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ fi ń gbé sókè, tí kókó wẹ́wẹ́ sì ń sọ ní etí irun, sọ fún un kí ó tú u. Irun dídì tó ń fà lójoojúmọ́ ló ń jẹ́ kí etí irun máa pá, gèlè tó fún yóò sì tún wá lé e lórí. Bí o bá ń lo rìláásà, ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ó kéré tán, má sì ṣe ha orí rẹ ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, torí pé ibi tí èékánná bá ti ha ni yóò jó.

Ní ti gèlè fúnra rẹ̀, sányán nípọn, ó sì máa ń dúró síbi tí a bá ká a sí, èyí tó mú kó rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Síbẹ̀, ó gba kí ọwọ́ méjèèjì wà lókè fún ìgbà pípẹ́, kí ẹnì kan sì di ìpàkó mú nígbà tí ìwọ ń ká iwájú. Jẹ́ kí ẹlòmíràn wé e fún ọ, tàbí kí o lo auto-gèlè tí wọ́n ti wé tí wọ́n sì ti rán. Rántí pé ìwọ yóò kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí méjèèjì, wọn yóò gbé ọwọ́ lé ọ lórí, wàá sì tún jó kí alága tó jẹ́ kí o jókòó. Kí pín-ìnnì wà ní ìpàkó àti lókè etí méjèèjì. Bùbá ni kí o kọ́kọ́ wọ̀ kí o tó kan ojú, kí o sì fi táwẹ̀lì bo ọrùn rẹ̀. Gèlè ló gbẹ̀yìn.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́:

Ọmọ mi, èmi kò ní fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ọ. N kò fẹ́ kí o dá wà níwájú dígí ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Ní ìlú wa níbí, ọwọ́ àwọn ẹbí ni ìyàwó máa ń wà: ẹnì kan a máa di irun rẹ̀, ẹnì kan a máa fi osùn pa á lẹ́sẹ̀, òmíràn a máa to ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, wọ́n á sì máa gbàdúrà sí i lórí bí ọwọ́ wọn ti ń ṣe é. Nígbà tí ọmọbìnrin bá ti ń sun ẹkún ìyàwó, ara rẹ̀ ti rí bó ṣe yẹ, àwọn ẹlòmíràn ló sì ṣe é fún un. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ṣe ojú rẹ bí o bá fẹ́, n kò bá ọ jà, ṣùgbọ́n fi irun, gèlè àti iyùn sílẹ̀ fún ìyá rẹ àti àwọn àbúrò ìyá rẹ. Bí o bá gbà á lọ́wọ́ wọn, ohun tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ ni o gbà.

Sányán tí o yàn dára púpọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kì í pariwo, nítorí náà jẹ́ kí ètè rẹ pọ́n rúsúrúsú, kí ó má pọ́n fòò, kí o sì lé tìróò sí ojú bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe.

Nọ́ọ̀sì ní Boston:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin ìyá wa, mo sì dúpẹ́ fún ọ̀rọ̀ ọwọ́ ẹbí tí ẹ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí bí mo bá ta ko yín lórí tìróò nìkan. Ọ̀pọ̀ tìróò tí wọ́n ń tà ní ọjà jẹ́ òkúta galena tí wọ́n lọ̀ kúnná, òjé sì ni púpọ̀ nínú galena. Ní ọdún 2012, CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn jáde nípa ọmọ ọwọ́ kan ní Boston níhìn-ín, ẹni tí òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé inú rẹ̀ ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ. Òjé máa ń ṣe ọpọlọ ọmọdé ní ìjàm̀bá, ó sì lè ti ara aboyún dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀, èyí tí kò yẹ kí ẹni tó ń lọ sí ilé ọkọ fojú kéré. Pẹ́ńsù ojú dúdú tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára yóò fún un ní ìrísí kan náà.

Ìyàwó Oṣù Kejìlá:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gan-an. Ìyá mi Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo sì ti pe ìyá mi sórí fóònù: wọ́n ní àwọn ni yóò wé gèlè náà, àǹtí wọn sì ni yóò di kòlẹ́sẹ̀. Ojú mi nìkan ni n ó ṣe, láìsí tìróò. Ó ku ìbéèrè kan: aago mélòó ni kí n bẹ̀rẹ̀ bí àwọn ẹbí ọkọ yóò bá dé ní aago 8, báwo sì ni n ó ṣe tún ojú náà ṣe kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?

Onígèlè Ìkẹjà:

Bẹ̀rẹ̀ ojú ní aago 5, kí gèlè sì bẹ̀rẹ̀ ní aago 7, nítorí pé ayafọ́tò yóò fẹ́ yà ọ́ kí àlejò tó dé. Níwọ̀n bí ilẹ̀ kò ti ní tíì mọ́ ní aago 5, tí iná mọ̀nàmọ́ná sì lè lọ, ra iná funfun oníbátìrì, kí o sì ti fi í dánra wò ṣáájú. Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, má ṣe wẹ ojú kí o sì tún bẹ̀rẹ̀, àyè kò ní gbà ọ́. Fi bébà tẹ òróró kúrò lójú, fi fóòmù tó tutù pa ibi tó ti sán rẹ́, pààrọ̀ lípsítíìkì nìkan. Kí o tó ṣe ìyẹn, ti ẹsẹ̀ bọ gáùn rẹ, má ṣe gbà á láti orí, kí o sì jẹ́ kí aránṣọ fi síìpù sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìsinsìnyí.